Bí ẹ ṣe lè dín kílò kù nígbà tí táírọ́ìdì yín bá ń falẹ̀

Ẹ jẹ́ n ti ibi tí mo ti ṣìnà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí dókítà sọ fún mi pé táírọ́ìdì mi ò ṣiṣẹ́ tó, inú mi dùn, ẹ má rẹ́rìn-ín o, inú mi dùn gan-an ni, torí láàárín ọdún mẹ́ta mo ti kúrò ní kílò 74 mo ti bọ́ sí 91, èmi tí mo jẹ́ télọ̀, aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán ò kọjá èjìká mọ́, ẹ̀gbọ́n màmá mi kan sì wò mí tòkè-tilẹ̀ níbi ìsìnkú, ó ní "ìwọ nìkan lò ń jẹ oúnjẹ ilé yín ni?" Mo wá rí ẹni tí mo máa di ẹ̀bi rù. Mo ní kí n ṣáà ti máa gbé oògùn mì, gbogbo ẹ̀ á yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, kílò 3 péré ló lọ.

Ohun tí ò yé mi nígbà yẹn ni pé táírọ́ìdì tó ń falẹ̀ kì í sábà fi ju kílò 2 sí 5 kún èèyàn, omi àti iyọ̀ tí ara dì mọ́ra ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Nínú kílò 17 tèmi yẹn, èyí tó pọ̀ jù, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ti wá. Ó dùn mí kí n tó gbà. Àmọ́ ìgbà tí mo gbà lọ̀nà là, torí mi ò lè ki ọwọ́ bọ ọrùn mi kí n lọ tún táírọ́ìdì ṣe, ìkòkò ló wà níkàáwọ́ mi.

Fún ẹni tọ́rọ̀ yìí ṣì ṣàjèjì sí: táírọ́ìdì ni nǹkan kékeré tó rí bíi labalábá níwájú ọrùn, ibi tí gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ sí. Òun ló ń ṣe họ́móònù T4 àti T3, àwọn yẹn ló ń sọ fún ara bó ṣe máa yára lo oúnjẹ tá a jẹ. Tó bá ń falẹ̀, á máa rẹ èèyàn láìṣiṣẹ́, òtútù á máa múni nígbà tí àwọn tó kù ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, irun á máa já, awọ ara á gbẹ háúháú, ìgbẹ́ ò ní fẹ́ jáde, nǹkan oṣù á máa wá lọ́pọ̀lọpọ̀. TSH tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀, ṣe ló dà bí ìgbà tí ọpọlọ ń kanlẹ̀kùn fún táírọ́ìdì pé kó jí, tó bá sì ti sùn wọra, ọpọlọ á máa kan ilẹ̀kùn kíkankíkan, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà TSH fi máa ń ga nígbà tí táírọ́ìdì bá rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ láàbù fi ààlà ẹ̀ sí bíi 0.4 sí 4. Tèmi jẹ́ 19 nígbà àkọ́kọ́. Hashimoto ni wọ́n pe tèmi, orúkọ dókítà ará Jàpáàn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1912 ni, ìtúmọ̀ ẹ̀ ni pé àwọn sójà ara mi fúnra wọn ló ń bá táírọ́ìdì mi jà.

Oògùn lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Levothyroxine ni wọ́n sábà máa ń fún wa, òjòwú oògùn sì ni, kò fẹ́ kí nǹkan kan bá òun gbé nínú ikùn. Omi lásán lẹ máa fi gbé e mì láàárọ̀ nígbà tí inú bá ṣófo, ẹ wá dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kẹ́ ẹ tó jẹun, kọfí náà oúnjẹ ni lójú ẹ̀ o. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù, oògùn egungun tó ní kálísíọ̀mù, oògùn ọ́lísà funfun tí wọ́n ń mì kí wọ́n tó mu, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó wákàtí mẹ́rin. Èmi ńkọ́? Ògì gbígbóná àti mílíìkì ni mo fi ń lé tèmi lọ, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, mo wá ń bínú pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Tí àárọ̀ ò bá rọgbọ fún yín torí ọmọ iléèwé àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú pópó, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá kẹ́ ẹ máa lò ó lálẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, kó ti tó wákàtí mẹ́ta tẹ́ ẹ jẹun kẹ́yìn, bó ṣe máa ń rọrùn fún àwọn tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì náà nìyẹn lẹ́yìn ìṣínu. Ẹ má tọ́jú ẹ̀ sínú mọ́tò tàbí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, ooru ń bà á jẹ́. TSH kì í sáré yí padà, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n máa ń dúró kí wọ́n tó tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, torí náà ẹ má retí ìyanu lọ́sẹ̀ méjì.

Ẹ sì dákun, ẹ má fi oògùn kún oògùn kẹ́ ẹ lè tètè fọn. Mo mọ ẹni tó ṣe é. Oògùn táírọ́ìdì tó bá pọ̀ jù á máa mú ọkàn lù kìkìkì, ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú pátápátá, ó sì ń jẹ egungun láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára ẹ̀ pé kì í ṣe oògùn ìfọn.

Ó yá, ìṣirò. Kálórì ni agbára tó wà nínú oúnjẹ, tó bá wọlé ju èyí tí ara ń lò lọ, ara á kó o pa mọ́ bí ọ̀rá. Kẹ́ ẹ lè mọ iye tí ara yín ń lò, fọ́múlà kan wà tí wọ́n ń pè ní Mifflin-St Jeor, láti 1990 ló ti wà: ẹ sọ kílò yín di ìlọ́po 10, ẹ wọn gígùn yín ní sẹ̀ntímítà kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 6.25, ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ wá yọ ọjọ́ orí yín lọ́nà 5 kúrò níbẹ̀, obìnrin á tún yọ 161, ọkùnrin á fi 5 kún tiẹ̀. Ẹ wò ó lára mi: kílò 88, gígùn 162, ọmọ ọdún 41. 880 pẹ̀lú 1,012, mo yọ 205, mo tún yọ 161, ó ku 1,526. Ìyẹn lára mi ń jó tí mo bá kàn nà sórí bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀ dalẹ́. Torí pé ìdí máṣíìnì ni mo máa ń jókòó sí, mo sọ ọ́ di ìlọ́po 1.2, ó di bíi 1,830, ẹni tó ń rìn díẹ̀ lè lo 1.375. Mo yọ 400 nínú ẹ̀. 1,430 lóòjọ́, ó parí. Tí TSH yín bá ṣì ga, iye tí fọ́múlà yẹn máa gbé jáde á ti pọ̀ díẹ̀ jù fún yín, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ tó yí i.

Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ yọ 1,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì láàárọ̀, kùkúńbà lálẹ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni mo jẹ odindi búrẹ́dì lórí ìdúró. Yàtọ̀ síyẹn, ebi tó pọ̀ máa ń fa T3 sílẹ̀ nínú ara, àwa tí tiwa ò sì tó tẹ́lẹ̀ ṣe la tún ń fa á relẹ̀ sí i. Obìnrin tó bá fẹ́ jẹ ohun tí ò tó 1,200, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí rárá, kó tètè lọ rí dókítà tó bá ti mọ̀ pé òun lóyún, torí oògùn ẹ̀ sábà máa ń ní àfikún.

Báyìí la ṣe dé inú ìkòkò. Ẹ ra síkéèlì kékeré tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ní kíṣìnì. Èmi tó jẹ́ pé mi ò ní gé aṣọ-òkè oníbàárà láìfi tépù wọ̀n ọ́n, ogún ọdún ni mo fi ń fojú da epo! Ṣíbí ìjẹun kan epo, ìbáà ṣe epo pupa, ìbáà ṣe òróró, ìbáà ṣe ti ólífì tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, bíi 120 kálórì ni. Lọ́jọ́ kan mo kọ́kọ́ da epo tí mo fẹ́ fi se ẹ̀fọ́ sínú ike oníwọ̀n kí n tó gbé e kaná: mílílítà 200. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,650 kálórì. Àwo mẹ́fà la ń bù nínú ọbẹ̀ yẹn, á jẹ́ pé epo nìkan ti kó 275 sínú àwo kọ̀ọ̀kan kí ẹran tó dé, kí òkèlè tó dé. Mílílítà 60 ni mo ń lò báyìí, ata tí mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa àti irú ló gba ìyókù ṣe, ọkọ mi sì ṣàròyé fún bí ọ̀sẹ̀ kan ó dákẹ́. Ẹ̀gúsí tiẹ̀ ti ní òróró tiẹ̀ nínú, gíráàmù 100 ẹ̀gúsí gbígbẹ ju 500 kálórì lọ, kò yẹ kó tún máa lúwẹ̀ẹ́.

Òkèlè: ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, torí omi tẹ́ ẹ máa fi sí i lè pọ̀ lè kéré. Gààrí gíráàmù 100 jẹ́ bíi 350. Ẹ̀bà tí mo ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí mo wọn gààrí ẹ̀, 220 ni, 770 kálórì nìyẹn. 90 ni mo ń lò báyìí, mo wá ń bu ewédú àti ẹja lé e tó bẹ́ẹ̀ tí àwo fi ń kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìrẹsì tó ti jinná jẹ́ bíi 130 nínú gíráàmù 100, iṣu sísè bíi 115, àmọ́ tẹ́ ẹ bá din iṣu yẹn ẹ ti yí i padà pátápátá. Àwọn tó ń yọ́ wọlé ló burú jù: ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà sísun, nǹkan bíi gíráàmù 30, ó ti tó 170. Coca-Cola 50cl jẹ́ bíi 210, kò sì yó èèyàn. Ẹ̀pà àti míníràlì yẹn nìkan, tí mo ń jẹ nídìí máṣíìnì láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 tí mo ń wá kiri.

Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín tí epo ẹ̀ ò pọ̀, ẹja, adìyẹ tí wọ́n bó awọ ẹ̀, ẹyin, àwọn nìyí lẹ máa fi yó. Ẹyin kan bíi 70 péré. Ẹ̀wà ń ṣe iṣẹ́ méjì fún wa torí ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, ẹ jẹ́ kí omi bá a rìn. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Ẹ má kà á mọ́ ẹran, kò lè ṣe iṣẹ́ ẹja.

Wọ́n á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má fẹnu kan ẹ̀gẹ́ mọ́ torí gẹ̀gẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa máa ń dí áyódíìnì, èròjà tí táírọ́ìdì fi ń ṣe họ́móònù ẹ̀, lọ́wọ́ kó má wọ táírọ́ìdì. Àmọ́ gààrí tí wọ́n rin, tí wọ́n jẹ́ kó kan, tí wọ́n fún, tí wọ́n sì yan, èyí tó pọ̀ jù nínú oró yẹn ti lọ, iyọ̀ tá à ń rà lọ́jà Nàìjíríà sì ti ní áyódíìnì nínú. Kálórì gààrí ni kẹ́ ẹ máa wò. Àwọn oògùn áyódíìnì àti ewé inú òkun tí wọ́n ń tà fún táírọ́ìdì, ẹ fi sílẹ̀, áyódíìnì tó bá pọ̀ jù lè tún dá kún Hashimoto. Àgbo ìfọn àti tíì tí ń fọ ikùn ńkọ́? Ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n ń fà, omi lẹ ń yà, síkéèlì á rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú á padà sókè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ti eré ìdárayá, mi ò lọ jíìmù kankan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo ń fi rìn ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà márùn-ún lọ́wọ́ méjèèjì sókè-sódò nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ kí iṣan mi má baà bá ọ̀rá lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí oògùn ò bá tíì wọ̀ yín lára, oríkèé á máa ro yín.

Ẹ gun síkéèlì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ̀. Ọ̀sẹ̀ nǹkan oṣù á máa parọ́, ọjọ́ kejì òde àríyá náà á máa parọ́ torí iyọ̀ àti Maggi. Tépù ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, mo máa ń wọn ìbàdí mi lọ́jọ́ kìíní oṣù, oṣù kan wà tí kílò ò kúrò lójú kan ṣùgbọ́n tépù fi sẹ̀ntímítà 2 dín kù.

Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá tí síkéèlì àti tépù jọ dúró, tó sì dá yín lójú pé ẹ ń wọn epo, ẹ padà lọ yẹ TSH wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo fítámì irun àti èékánná, ẹ wò ó bóyá biotin wà nínú ẹ̀, tó bá wà, ẹ dá a dúró ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú, torí ó lè mú kí TSH dà bíi pé ó wálẹ̀ nígbà tí kò wálẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tún ìṣirò ṣe, torí ara tó ti kéré ò jẹ iye kan náà mọ́: oṣù mẹ́rìnlá ti kọjá, pẹ̀lú Dìsẹ́ńbà kan tí mi ò fẹ́ rántí, kílò 78 ni mo wà báyìí, 1,830 yẹn ti di bíi 1,700, 300 ni mo ń yọ níbẹ̀.