"Their" tó kó Màmá wa sí wàhálà

Ẹ̀dà 200 ìwé ètò ìsìnkú Màmá ni wọ́n ti tẹ̀ tán kí àbúrò mi obìnrin tó ṣí ojú ewé kẹta. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, aṣọ ta ni Màmá ń tà ní Gbági?"

Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni "Mama sold their cloths at Gbagi until their legs became weak."

Ta ló ń pe ìyá rẹ̀ ní "ó"? Aṣọ wọn, ẹsẹ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́. Bó ṣe wà lẹ́nu mi lọwọ́ mi ṣe tẹ̀ ẹ́. Àṣé Òyìnbó ò mọ ọ̀wọ̀ yẹn. Ì báà pé 100 ọdún, obìnrin kan ṣoṣo, "her" ni, ọkùnrin, "his", ohun tí kì í ṣe ènìyàn, "its". Tiwa, "rẹ̀" ti gbé gbogbo wọn pọ̀n. Onítẹ̀wé ní ohun tí mo fún òun lòun tẹ̀. Àtúntẹ̀, ₦65,000. Ó dùn mí wọra.

Mo jókòó tún ìwé náà ṣe. "This photographs" tó wà níbẹ̀ ò gba àsìkò: àwòrán ti ju ọ̀kan lọ, "these" ni. "Their" gan-an lọ̀gá. Oorun ń kùn mí, mo bá ní kí kọ̀ǹpútà fi "her" rọ́pò gbogbo "their" lẹ́ẹ̀kan náà. Wàrà ló ṣe é. Inú mi dùn. Díẹ̀ ló kù kí n fi ránṣẹ́ tí ọmọ mi tó wà ní SS2 fi bú sẹ́rìn-ín: "Dádì, ọkọ mélòó ni Màmá Àgbà ní?"

"Seven children and her spouses." Àwọn ọkọ àti ìyàwó àwa ọmọ ti di ti Màmá! Obìnrin tó ṣe opó fún ọdún 19.

Mo padà sídìí ẹ̀. Mo ń fọwọ́ tọ́ "her" kọ̀ọ̀kan, mo ń bi í pé ta ló ni ohun tó tẹ̀ lé e. Màmá ni? Jókòó. Àwa ọmọ ni? Padà sí "their". 23 ni wọ́n. Aago méjì òru ti lù. "The church and it's choir" náà tún dìde: "Mama's shop" ṣáà ní àmì kékeré yẹn lókè, kí ni "its" ṣe tí ò fi gbọdọ̀ ní in? Ọmọ mi ní kí n ka "it is" síbẹ̀. "The church and it is choir." Mo pa á rẹ́.

Ǹ bá mọ̀, ọmọ yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ fún kà kí n tó sanwó kankan.

Pásítọ̀ ka èyí tuntun lọ́jọ́ ìsìnkú, kò kọsẹ̀ níbì kankan, èmi náà gbé fìlà mi gẹ̀gẹ̀. Ẹ̀dà 200 àkọ́kọ́ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Àwòrán Màmá ló wà lẹ́yìn wọn, ta ló máa fi wọ́n di ẹ̀pà?