Bí A Ṣe Ń Mọ Èédú Tó Yẹ fún Ẹran Sísun àti Ẹja Yíyan Nínú Ilé

Ẹni tó bá fẹ́ yan ẹja nílé máa ń fara balẹ̀ ṣa ẹja náà lọ́jà: á wo ojú rẹ̀, á tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, á sì ná owó rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bó bá kan èédú, àpò tó bá kọ́kọ́ bá pàdé ni yóò gbé. Àṣìṣe ńlá nìyẹn, nítorí pé èédú tí kò jóná tán lè ba ẹja tó dára jù lọ jẹ́ láàárín wákàtí kan péré, kò sì sí ata tàbí àlùbọ́sà tó lè gba adùn rẹ̀ padà. Ohun tí a fẹ́ kí àgbẹ̀ àti ará ilé mọ̀ láti inú ìwé yìí ni pé ooru ni a ń wá lára èédú, a kì í wá èéfín lára rẹ̀. Èéfín tó ń fún ẹja ní àwọ̀ àti òórùn dídùn, ara igi gbígbẹ ni a ti ń mú un wá, nígbà tí a bá sì fẹ́ ẹ nìkan.

Púpọ̀ nínú èédú tí à ń rí ní ọjà Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó ń wá láti ilẹ̀ ọ̀dàn, bíi Òkè-Ògùn, Ìbàràpá àti apá kan ní ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tó ń sun ún máa ń to igi jọ bí òkìtì, wọ́n á fi koríko àti ewé tútù bò ó, wọ́n á fi erùpẹ̀ dí i mọ́lẹ̀, wọ́n á sì dá ihò díẹ̀ sí i kí afẹ́fẹ́ má baà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èéfín funfun tó nípọn ló ń kọ́kọ́ jáde, omi inú igi nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èéfín tó pọ́n rúsúrúsú, nígbà tí oje igi ń jáde. Nígbà tí iṣẹ́ bá sì ń parí, èéfín náà á tín-ín-rín, á sì dà bí aró tó ti ṣá. Bí ooru inú òkìtì bá dé nǹkan bí 450 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, oje náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sun ún bá kánjú tú òkìtì nítorí pé ọkọ̀ ti dé, oje á ṣì wà nínú èédú náà, orí ẹja yín ni yóò sì ti jáde.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ èyí tó jóná tán ni kí ẹ mú ègé méjì lu ara wọn. Èyí tó dára máa ń dún kóró, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi àpáàdì lu àpáàdì. Èyí tí kò jóná tán, tàbí tí omi ti wọ̀, kì í dún bẹ́ẹ̀. Ìró rẹ̀ máa ń kú sínú bí ìgbà tí a bá fi igi tútù lu ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣẹ́ ègé kan sí méjì kí ẹ sì wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Ó yẹ kí ó dúdú kirikiri, kí ó máa dán, kí ẹ sì ṣì lè rí ìlà ara igi náà níbẹ̀ kedere. Bí ẹ bá rí àwọ̀ rúsúrúsú nínú rẹ̀, igi ṣì ni, ẹ má ṣe rà á. Ẹ gbé e sí imú pẹ̀lú: èédú gidi kò ní òórùn, ṣùgbọ́n èyí tí oje ṣì wà nínú rẹ̀ máa ń rùn bí àjà ilé ìdáná àtijọ́. Ìwúwo nìkan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́, nítorí pé igi líle máa ń mú èédú wúwo, omi náà sì máa ń mú un wúwo. Ìró rẹ̀ ni yóò sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Ní àkókò òjò ọdún kan, èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ra àpò èédú kan lẹ́bàá títì nítorí pé àwọn ègé tó wà lójú àpò náà tóbi, wọ́n sì ń dán. Ẹja àrọ̀ 12 ni mo ti fi iyọ̀ fọ̀, tí mo ti ká, tí mo ti ki ìrù wọn bọ̀ wọ́n lẹ́nu. Nígbà tí mo dé ìdajì àpò, igi rúsúrúsú àti èérún tó rin gbingbin ni mo bá. Ara ẹja náà ṣú bí ìdí ìkòkò, ó sì korò débi pé àwọn ọmọ tu ú dànù. Láti ìgbà náà, mo máa ń bẹ ìyá oníèédú pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá mi da díẹ̀ sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àpò kí n tó sanwó, kò sì tíì sí ẹni tó bínú sí mi nítorí rẹ̀.

Igi tí a fi sun èédú ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Igi líle bí ayìn àti apá máa ń mú èédú tó le, tó ń pẹ́ lórí iná, tí ooru rẹ̀ kì í sì í ṣe ségesège. Irú rẹ̀ ló yẹ fún ẹja tí a fẹ́ yan fún wákàtí púpọ̀. Igi fífúyẹ́ bí arère àti àràbà máa ń mú èédú tó ń tètè ràn, tó sì ń tètè di eérú. Ó wúlò fún àgbàdo tàbí bọ̀ọ̀lì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi yan ẹja yóò máa bu èédú sí i títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Èédú igi emi àti igi igbá gbóná dáadáa, síbẹ̀ n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á. Igi emi lè lo nǹkan bí ọdún 15 sí 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, láti ara rẹ̀ ni a ti ń rí òrí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí irú láti ara igi igbá. Pẹ̀lú òkìtì erùpẹ̀ tí à ń lò nílẹ̀ wa, nǹkan bí kílò igi 5 sí 7 ló ń di kílò èédú 1, nítorí náà igi púpọ̀ ló ń lọ sínú àpò kan. Àgbẹ̀ tó bá ní oko máńgòrò tàbí kaṣú lè fi ẹ̀ka tí ó gé nígbà títún oko ṣe sun èédú ti ara rẹ̀, kò sì ní pa igi kankan.

Bí ẹ bá fẹ́ dáná, ìhá, ògùṣọ̀ tàbí èèpo ọsàn gbígbẹ ni kí ẹ fi ṣáná. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì sí i, nítorí pé èédú máa ń fa òórùn mọ́ra, òórùn náà yóò sì bọ́ sára oúnjẹ. Ẹ má ṣe gbé ẹran lé iná títí eérú funfun yóò fi bo ojú èédú náà, èyí tó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30. Láti mọ bí iná ṣe le tó, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè ibi tí ẹ máa gbé ẹran sí, kí ẹ sì máa kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fa ọwọ́ yín padà kí ẹ tó ka ẹ̀ta, iná náà le, ó dára fún ẹran tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá lè ka dé ẹ̀fà, ó ti rọ̀ tó fún adìyẹ àti ẹja.

Tí ẹja bá ti jinná dé inú, tí ara rẹ̀ sì ti ń gbẹ, ìgbà náà ni èéfín wúlò. Ẹ mú agolo mílíìkì tó ṣófo, kí ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, kí ẹ kó ègé igi gúáfà, ọsàn tàbí máńgòrò tó gbẹ dáadáa sínú rẹ̀, kí ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì gbé e lé orí ẹ̀yín iná. Nítorí pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó, igi náà kò ní gbiná. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò máa yọ láti ojú ihò, ẹja náà yóò sì máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí awọ tí wọ́n fi epo pa. Ẹ má ṣe lo pákó tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà, èyí tí wọ́n fi oògùn ikán sí, tàbí èèpo kóró kaṣú, nítorí pé epo inú èèpo yìí máa ń bó ènìyàn lára, èéfín rẹ̀ sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá.

Ọ̀rá ẹja tó ń kán sórí ẹ̀yín iná gba àkíyèsí gidi. Bó bá ti kán, á jó, èéfín rẹ̀ á sì gbé àwọn èròjà kan tí à ń pè ní PAH lọ sára ẹja. Ọ̀kan nínú wọn ni benzo(a)pyrene, èyí tí IARC, tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kà mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn náà. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò ti gbà ju máíkírógíráàmù 2 rẹ̀ lọ nínú kílò ẹja yíyan 1, èyí sì kan ẹni tó bá fẹ́ fi ẹja ránṣẹ́ sí ọjà ibẹ̀. Ààrò ẹja yíyan FAO-Thiaroye (FAO ni Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé), tí wọ́n gbé jáde ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ní àwo irin lábẹ́ ẹja tó ń gba ọ̀rá náà. Nínú ilé, ẹ lè ṣe irú rẹ̀: ẹ kó ẹ̀yín iná sí ẹ̀gbẹ́ kan àdògán tàbí ààrò, kí ẹ gbé àwo irin sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹja sì wà lókè àwo náà.

Ewu kan wà tí èédú tó dára gan-an máa ń fi pamọ́. Nítorí pé kò ní èéfín, ènìyàn á rò pé kò sí ohun tó lè ṣe é, nígbà tí afẹ́fẹ́ olóró tí à ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, ń kún inú yàrá. Bí òjò bá lé yín láti àgbàlá, abẹ́ òrùlé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ gbé àdògán lọ. Ẹ má ṣe gbé e wọ yàrá, ẹ má sì ṣe fi í yá iná níbi tí àwọn ọmọdé ń sùn, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti ń kú lọ.

Ẹ to àpò èédú sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó sì jìnnà sí kẹrosíìnì àti ajílẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti inú òkìtì gbọ́dọ̀ wà níta fún wákàtí 24, nítorí pé iná lè ṣì wà nínú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá sun ẹran tán, ẹ má ṣe da omi sí èyí tó kù. Ẹ kó o sínú ògbólógbòó ìkòkò irin tó ní ìdérí, kí ẹ dé e pa, kí ẹ sì fi sílẹ̀ títí di òwúrọ̀. Bí ìdí ìkòkò náà bá ti tutù nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ lè da èédú náà padà sínú àpò. Òun ni kí ẹ sì kọ́kọ́ fi dáná nígbà mìíràn, nítorí pé ó máa ń tètè ràn ju tuntun lọ.