Bẹ́ ẹ ṣe máa fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Santiago nínú òjò, kẹ́ ẹ tó kúrò ní Kàbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo fẹsẹ̀ rìn dé ibojì Jákọ́bù Mímọ́, àpọ́sítélì Jésù, ní Santiago de Compostela, lápá Spéìn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: òjò ńkọ́? Galicia tí ìrìn yẹn parí sí, òjò ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa o. Tiwa á ya lulẹ̀ fún wákàtí kan, oòrùn á tún yọ, tiwọn á kàn máa ṣe winniwinni látàárọ̀ dalẹ́, á sì tutù wọ eegun. Ẹ máa tutù, kò sí réènkóòtì tó ní kẹ́ ẹ má tutù tó bá di ọjọ́ kẹta. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni ẹsẹ̀ yín àti aṣọ tẹ́ ẹ máa fi sùn.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọ̀nà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní Faransé, nǹkan bíi 780 kìlómítà, ó máa ń tó oṣù kan kódà ó lè lé, tẹ́ ẹ bá ń rin 20 sí 25 lójúmọ́. Ẹni tí ò ráyè lè bẹ̀rẹ̀ ní Sarria, ìyẹn lé ní 100 kìlómítà tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fún ẹni tó fẹsẹ̀ rìn níwèé ẹ̀rí. Tó bá jẹ́ ti Faransé, ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Napoleon, wọ́n máa ń tì í láti 1 November dé 31 March, ti Valcarlos nísàlẹ̀ lẹ máa gbà nígbà yẹn.

Lẹ́yìn náà, ilé níbí ni kẹ́ ẹ ti fi òjò kọ́ra. Tó bá ti di oṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀ ní Kàbà, ẹ má sá wọlé, ẹ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn kẹ́ ẹ forí lé ọ̀nà Ìyàrà. Ẹ di gàrí tàbí ẹ̀wà sínú báàgì ọ̀hún, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara yín lọ. Ojú títì ni o, ẹ má wọ inú igbó, ẹ má sì dá lọ, ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí. Tí àrá bá ti ń sán, ẹ wọlé onílé, ẹ má dúró sábẹ́ igi, ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó ò pa, kó máa dúpẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú ẹ̀, jíìnsì ni mo wọ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín), kí n tó padà délé itan mi ti bó, mo ń rìn bí ẹni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dákọ́ fún. Aṣọ òwú ń mu omi, kì í tètè gbẹ, ó sì ń gba ooru ara lọ. Jẹ́sí bọ́ọ̀lù lásán sàn jù ú lọ.

Réènkóòtì fẹ̀ǹfẹ̀ tó lè bo ẹ̀yin àti báàgì pọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Agbòjò ò dáa, atẹ́gùn á yí i padà. Ìbòrí tó bá báàgì wá náà ò tó, torí omi máa ń gba ẹ̀yìn yín ṣàn wọ̀ ọ́, torí náà ẹ fi ọ̀rá dúdú ńlá tẹ́ inú báàgì kẹ́ ẹ tó kó ẹrù sí i.

Ẹsẹ̀ wá ni kókó. Ẹ má wọ bàtà tuntun lọ, ẹ ti gbọ́dọ̀ fi rìn dáadáa nílé. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó wọ sọ́ọ̀sì, ẹ fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka, òrí wa yìí náà, àwọn òyìnbó ń lo Vaseline, mi ò rí ìyàtọ̀. Sọ́ọ̀sì onírun àgùntàn ló dáa, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́sàn-án. Tó bá lé ròrò ẹ má bó awọ ẹ̀ dànù. Tẹ́ ẹ bá dé ilé ìsùn lálẹ́, ẹ ki pépà ìròyìn bọ inú bàtà, á fa omi ẹ̀, ẹ má gbé e sídìí iná, awọ á sán.

Aṣọ méjì péré, ọ̀kan fún ìrìn, ọ̀kan fún alẹ́, èyí alẹ́ ò gbọdọ̀ rí òjò láé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí ti ìrìn ò tíì gbẹ, ẹ bọ́ ti gbígbẹ, ẹ padà wọ tútù yẹn. Ó burú, mo mọ̀, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá wọ ti gbígbẹ jáde, kí ló máa fi sùn?

Lójú ọ̀nà, ọfà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà lẹ ń tẹ̀ lé, àmọ́ orí tó wà lábẹ́ réènkóòtì kì í rí i, ìyá àgbà kan ló pàtẹ́wọ́ pè mí padà lọ́jọ́ tí mo yà bàrà. Ẹ wá ọ̀pá méjì torí òkúta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ wọ ìlú Molinaseca, ó ń yọ̀ bí ilá. Ìwé tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ máa fi gba ìwé ẹ̀rí, inú ọ̀rá ni kó máa gbé pẹ̀lú fóònù.

Tẹ́ ẹ bá wá dé Santiago, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé báàgì ńlá wọ inú kàtídírà, ẹ lọ gbé e sílé ìsùn ná, kẹ́ ẹ wọ aṣọ gbígbẹ yẹn lọ sí Máàsì.