Bí Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Wa Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Yá Ìwé Lọ Sílé

Ó ti pẹ́ tí yàrá ìkàwé ti wà ní ilé-ìwé wa, àmọ́ títì ló máa ń wà. Ìwé pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn àgbà pé bí ọmọdé bá fọwọ́ kàn án, yóò ya. Nígbà tí ọ̀gá àgbà ní kí n máa bójú tó ibẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́ fún: kí ọmọ lè máa gbé ìwé lọ sílé. Ìwé tí ọmọ kò lè gbé jáde, kò lè bá a sùn, kò sì lè bá a jí.

Ikán ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n ti gba ara ògiri bọ́ sórí pẹpẹ, wọ́n sì ti jẹ inú àwọn ìwé kan tán, ó wá ku èèpo lásán. A fa pẹpẹ kúrò lára ògiri débi tí ìgbálẹ̀ lè gbà kọjá, a wá gbé ẹsẹ̀ wọn sínú agolo tí a bu ọ́ìlì mọ́tò sí. Àwọn ìwé tí òjò pa, abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ la tú wọn sí, torí oòrùn máa ń jẹ́ kí ojú ìwé pọ́n kó sì máa ṣẹ́. Àwọn tó ya, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti sítáàṣì la fi lẹ̀ wọ́n. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù. Bó bá pẹ́, á pọ́n, á sì ṣí. Àwọn ìwé jọ́gíráfì kan ṣì ń ka ìpínlẹ̀ Nàìjíríà sí 19, bẹ́ẹ̀ ó ti di 36 láti 1996. A kó wọn kúrò kí wọ́n má baà ṣi ọmọ lọ́nà.

Títo àwọn ìwé tó kù ló kàn. Ètò onínọ́ńbà tí Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1876 ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń lò: 500 fún sáyẹ́ǹsì, 800 fún lítíréṣọ̀, 900 fún ìtàn àti jọ́gíráfì. Mo kọ nọ́ńbà náà sí ìwé wa. Ṣùgbọ́n ọmọ JSS 1 tó ń wá àlọ́ ìjàpá kò ní fi nọ́ńbà wá a, ni mo bá tún lẹ téèpù aláwọ̀ mọ́ ẹ̀yìn wọn: pupa fún ìtàn àròsọ, àwọ̀ ewé fún sáyẹ́ǹsì, àwọ̀ aró fún ìtàn ilẹ̀ wa. Àwọn tí àwòrán èèpo wọn dára, mo kọjú wọn síta kí ẹni tó ń kọjá lè rí wọn láti ojú fèrèsé.

Síbẹ̀, pẹpẹ tó mọ́ kì í pe ọmọ wọlé. Ìwé Yorùbá ló pè wọ́n. Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, mo máa ń ka ojú ìwé méjì mẹ́ta nínú ìtàn Fágúnwà sí wọn létí. Lọ́jọ́ tí a dé ibi tí ọdẹ ti pàdé Àgbákò, olójú mẹ́rìndínlógún, mo pa ìwé dé. Ariwo sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, Ma, ẹ parí ẹ̀!" Mo ní ìwé náà wà nínú yàrá ìkàwé, téèpù rẹ̀ pupa. Bí wọ́n ṣe lu agogo bíréèkì báyìí, wọ́n ti tò dé ẹnu ọ̀nà.

Ọmọkùnrin JSS 2 kan ló gbà á lọ́jọ́ náà. Ìka ló máa ń fi tọ ọ̀rọ̀ bó bá ń kàwé, ètè rẹ̀ á máa mì, kì í sì í nàwọ́ ní kíláàsì. Ó dá ìwé náà padà lọ́jọ́ tó pé gan-an, ó ti fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò ó, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé. "Màmá àgbà ló ní kí n bò ó, Ma. Alaalẹ́ ni mò ń kà á fún wọn. Wọ́n ní ṣé òmíràn wà?" Inú mi dùn débi pé mo fún un ní méjì.

Nínú rẹ́jísítà wa, a máa ń kọ orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, ìwé tó mú, ọjọ́ tó mú un àti ọjọ́ tí yóò dá a padà. Ọ̀sẹ̀ méjì la fún wọn. Ọmọ kan láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ń kọ ọ́, àwọn ni wọ́n sì ń rán ẹgbẹ́ wọn létí. Ẹni tó bá sọ ìwé nù kò ní san owó. Yóò bá wa tún ìwé tó ya ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé. Owó ìtanràn máa ń lé ọmọ tálákà kúrò ní yàrá ìkàwé pátápátá. Mi ò sì fara mọ́ kí a máa ní kí ọmọ kọ àkótán gbogbo ìwé tó bá kà. Bí kíkà bá ti di iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n á sá fún un. Ìbéèrè mi kò ju "Ta ló wù ọ́ jù nínú ẹ̀?" lọ, ọ̀rọ̀ á sì máa tú jáde lẹ́nu wọn.

Ìwé ìtàn Yorùbá kò tó wa báyìí. Orúkọ àwọn tó ń dúró de ti Fágúnwà ti kún ẹ̀yìn rẹ́jísítà. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé tí ẹ ò kà mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e lọ fún ilé-ìwé tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kí ọmọ gbé e lọ sílé.