Ohun tí mo ṣe kí Ferret má baà gbóná jù lójú títì

Ilé-iṣẹ́ Daimler nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe Ferret, ọkọ̀ ogun kékeré onítáyà mẹ́rin, láti ọdún 1952 títí di 1971, fún àwọn ọmọ ogun tó máa ń lọ ṣọ́ ibi tí ọ̀tá wà. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà náà lò ó nígbà ogun abẹ́lé. Irin ló bo gbogbo ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce B60 tó ń lo pẹtiróòlù, sìlíńdà mẹ́fà, lítà 4.26, wà lẹ́yìn níbẹ̀ pẹ̀lú rédíétọ̀ rẹ̀. Irin tí kò jẹ́ kí ọta ìbọn wọlé, kò jẹ́ kí ooru ráyè jáde.

Èyí tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí jẹ́ ti bàbá òyìnbó kan ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó máa ń wà á lọ síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ọkọ̀ ogun àtijọ́. Ó ní bóun bá ti rìn díẹ̀ nínú oòrùn, abẹ́rẹ́ ooru á máa gòkè, ẹ́ńjìnnì á máa jáàkì, á sì kú. Mo pe ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mushin. Wọ́n ní, "Yọ thermostat yẹn dànù jàre, kí omi ráyè kọjá." Thermostat ni ìlẹ̀kùn kékeré tó máa ń ṣí kí omi lè kọjá sí rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, òtútù ibí ò gba bẹ́ẹ̀." Ẹ́ńjìnnì tí kò bá móoru tó yóò máa jẹ epo, ọ́ìlì rẹ̀ á sì máa ki. Mo yọ ọ́ lóòótọ́, mo gbé e sínú ìkòkò omi tó ń hó, mo rí i pé kò ṣí tán. Tuntun ni mo fi rọ́pò rẹ̀.

Omi tó jáde nínú rédíétọ̀ pọ́n, ó kún fún ìdọ̀tí irin tó ti dípẹtà. Mo ki họ́ọ̀sì bọ ìsàlẹ̀ kí omi lè máa gba òkè jáde, nítorí ọ̀nà tí ìdọ̀tí gbà wọlé ló rọrùn fún un láti gbà padà. Mo ṣe bákan náà fún bọ́lọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì títí omi fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn náà ni mo po coolant, oògùn tí wọ́n ń dà sí omi rédíétọ̀, àti omi ní ìdajì sí ìdajì. Àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í hó àfi tó bá tó nǹkan bíi 107°C, bí ìdérí rédíétọ̀ bá sì dì dáadáa, á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pààrọ̀ ìdérí náà, mo sì fa bẹ́líìtì fáànù kó le.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀. Fóòmù tó yẹ kó dí àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti irin ọkọ̀ ti gbó dànù. Afẹ́fẹ́ kì í gba ọ̀nà tó há bó bá rí èyí tó fẹ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ló ń yípo nínú ibẹ̀. Mo fi fóòmù tuntun dí i yíká. Mo tún yẹ àsìkò tí iná ń ṣẹ́ nínú sìlíńdà wò, torí bó bá ń pẹ́ ṣẹ́, ooru rẹpẹtẹ ló máa ń kó bá ẹ́ńjìnnì.

A gbé e jáde. Abẹ́rẹ́ dúró síbi tó yẹ, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì kú lórí òkè kan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ dájú pé àìsàn méjì ló ń ṣe ọkọ̀ yìí. Pẹtiróòlù ló ń hó nínú páìpù kó tó dé kabúrétọ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni E10, pẹtiróòlù tí wọ́n po ọtí ẹ̀tánọ́ọ̀lù mọ́, tó lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ti di èyí tí wọ́n ń tà jù ní England, ẹ̀tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ sì ń tètè di oru, ó tún ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Mo gbé páìpù epo kúrò nítòsí ẹgisọ́ọ̀sì tí èéfín ń gbà jáde, mo fi aṣọ tí iná kì í jó wé e, mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, mo wá fi pọ́ǹpù oníná sẹ́bàá táǹkì kó máa ti epo lọ. E5, tí ẹ̀tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kéré sí ti E10, nìkan ni bàbá ń rà báyìí. Ohun tí ń paná gbọ́dọ̀ wà nítòsí ọwọ́ awakọ̀ nígbà gbogbo. Mi ò gbà kí wọ́n jáde láìní in.

Ooru kẹta wà nídìí táyà. Nínú Ferret, táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà so mọ́ra; iye ìgbà tí ọ̀kan bá yí ni èkejì gbọ́dọ̀ yí. Bí ọ̀kan bá ti jẹ ju èkejì lọ, tàbí tí afẹ́fẹ́ wọn kò dọ́gba, àwọn jíà á máa lọ́ ara wọn. Lórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, táyà á yọ̀, ìlọ́ra náà á sì dẹ̀. Lórí ọ̀dà, kò síbi tó máa yọ̀ sí, ooru ló ń dà. Mo fi ẹ̀rọ tí ń wọn ooru láìfọwọ́kàn yẹ àpótí jíà ìdí táyà kọ̀ọ̀kan wò níbi tá a dúró sí, ọ̀kan sì gbóná ju àwọn yòókù lọ gan-an. Táyà ẹ̀gbẹ́ náà kò dọ́gba. A ra táyà 9.00-16 tó jọra, a wọn afẹ́fẹ́ wọn, ó rọlẹ̀. Bàbá tún máa ń gbé ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ gorí koríko etí títì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ìlọ́ra náà lè dẹ̀.

Ìwakọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ferret lè sá tó 93 kìlómítà ní wákàtí, àmọ́ 60 ti tó o. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ bá jíà, bó bá sì dúró nínú go-slow pẹ̀lú jíà, ọ́ìlì náà á máa gbóná lásán. Ẹ fà á sí niútírà. Bí ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ má pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ díẹ̀ sí i.

Ó ku rédíétọ̀ fúnra rẹ̀, tó ti gbó ju kéèyàn kàn máa fọ̀ ọ́ lọ. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó dé, a máa gbé e fún ẹni tó máa pààrọ̀ inú rẹ̀.