Má Fi Ìtọ́jú Pa Á: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ohun Àjogúnbá

Ohun tó pẹ́ jù lọ nínú ilé kì í sábà jẹ́ èyí tó wọ́n jù. Ó lè jẹ́ owó bàbà kan, aago àpò, lẹ́tà tí wọ́n ká sí mẹ́rin, tàbí fọ́tò ìgbéyàwó tí gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti dolóògbé. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti bá àwọn tó ni ín kó láti ilé dé ilé, kò bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, tó fẹ́ tún un ṣe, lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Fífọ̀ ló burú jù. Àwọ̀ ṣíṣú tó wà lára idẹ àti owó bàbà àtijọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí o. Irin náà ló dá a sára fúnra rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó sì sábà máa ń dáàbò bò ó. Bí ẹ bá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kànrìnkàn onírin bó o, irin gan-an lẹ ń họ dànù. Owó àtijọ́ tó bá ń dán gbinrin lójijì, àwọn tó ń rà á á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, iye rẹ̀ á sì já. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ti tó fún eruku.

Gọ́ọ̀mù àti sẹ́lótéèpù ló tẹ̀ lé e. Ní nǹkan bí 1950 sí 1960, àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń to àjákù Àwọn Àkájọ Ìwé Òkun Òkú, ìyẹn ìwé ẹ̀sìn àtijọ́ àwọn Júù, pọ̀ fi sẹ́lótéèpù so awọ tó ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún mọ́ra. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ wọnú awọ, ó sì mú un dúdú. Láti 1991 ni wọ́n ti dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Ísírẹ́lì tó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní 2014 ẹ̀wẹ̀, irùngbọ̀n ìbòjú wúrà Tutankhamun, ọba Íjíbítì àtijọ́, yọ ní Cairo, wọ́n sì sáré fi epoxy, gọ́ọ̀mù líle tí kì í ṣeé yọ bọ̀rọ̀, lẹ̀ ẹ́. Ó di 2015 kí wọ́n tó rí i ha kúrò, ìda oyin ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ padà, torí ìda oyin ṣeé yọ lọ́jọ́ mìíràn. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa nìyẹn: ṣé ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí ṣeé tú? Lámínéètì kò ṣeé tú. Ẹ má ṣe é sí ìwé àtijọ́ láé.

Ibi ìpamọ́ ńkọ́? Òkè àjà gbóná jù, abẹ́ ilẹ̀ sì lọ́rinrin, ìwé á bu níbẹ̀. Ike PVC máa ń tú ásíìdì jáde bó bá ṣe ń gbó, ìwé ìròyìn tí ẹ fi ń wé nǹkan náà ní ásíìdì nínú. Oòrùn máa ń ṣá aṣọ àti fọ́tò, àwọ̀ tó bá sì ti lọ kì í padà. Ní ti ìbọ̀wọ́ funfun táwọn ènìyàn fẹ́ràn yẹn, ó dáa fún fàdákà àti fọ́tò, àmọ́ ó lè ya ìwé ẹlẹgẹ́. Ọwọ́ tó mọ́, tó sì gbẹ, ló sàn fún ìwé.

Èyí tó kù kì í ba nǹkan fúnra rẹ̀ jẹ́, síbẹ̀ ó ń dùn mí: kí ẹnikẹ́ni má kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù rírọ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, létí ibẹ̀; báírò máa ń tẹ̀ ẹ́ dé iwájú. Ẹ kọ ọdún àti ibi tí wọ́n ti yà á, kí ẹ sì kọ orúkọ ní kíkún. Ẹ má kàn kọ “Bàbá àgbà” o. Nígbà tí ọmọ-ọmọ yín bá ń kà á, bàbá àgbà ta ni kó pè é?