Ẹ gbé ìwé ilẹ̀ kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú òjò o. Àwa ará Ìbàdàn mọ ohun tí omíyalé odò Ògùnpa ṣe ní 1980, a sì rí ti oṣù kẹjọ ọdún 2011. Lọ́dún tí omi wọ yàrá tèmi, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìwé ilẹ̀ bàbá mi wà. Kí n tó ti ọjà dé, òǹtẹ̀ orí rẹ̀ ti ṣí, ojú ìwé ti lẹ̀ mọ́ra bí ewé mọ́ín-mọ́ín.

Ẹ wá ike tí ìdérí rẹ̀ ń dé pinpin. Ìwé ilẹ̀, sọ́fè, ìwé ìbí àwọn ọmọ, sàtífíkéètì, pásípọ́ọ̀tù: kí kálukú wọn wà nínú ọ̀rá tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó wọn síbẹ̀. Ẹ gbé e sókè, nítòsí ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má láminéètì ojúlówó. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, torí fóònù náà lè bómi lọ. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé àdúgbò mìíràn.

Ẹ sì fi ibẹ̀ han ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìyàwó mi wà nílé, tẹlifíṣọ̀n ló gbé sá.